Ọ̀rẹ́ Tó Pe Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó rìn jìnnà. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ kan tí ẹ jọ dàgbà nínú ilé kan náà, tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan, tí ẹ wá bá oògùn olóró lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ó sì yé yín pé títà ló ń tà á, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa dákẹ́ ni? Ṣé ẹ máa pè é sí kọ̀rọ̀ kí ẹ bá a sọ̀rọ̀? Àbí ẹ máa gbé tẹlifóònù kí ẹ pe ọlọ́pàá?

Ẹ má tíì dáhùn. Ìbéèrè yìí rọrùn lẹ́nu nígbà tí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́ tiwa ló kàn. Ìgbà tó bá kan ọ̀rẹ́ ẹni ni ọ̀rọ̀ ń di ẹtì.

Ìwé kan ló gbé ìbéèrè náà síwájú mi. Ìwé àwọn ọ̀dọ́ ni, That Was Then, This Is Now lorúkọ rẹ̀. Bí a bá ní ká sọ ọ́ ní èdè wa, kò ju pé ti àná ti lọ, ti òní rèé. S. E. Hinton ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1971. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí lẹ́tà méjì yẹn lára ìwé rò pé ọkùnrin ni. Obìnrin ni o. Susan Eloise ni wọ́n sọ ọ́, ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bí i sí ní 1948. Àwọn tó tẹ ìwé rẹ̀ ló ní kó fi lẹ́tà méjì bo orúkọ náà, kí àwọn ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò má baà fojú di í, kí wọ́n má ní kí lobìnrin mọ̀ nínú ìjà àwọn ọmọ ìta.

Ọmọ ilé-ìwé girama ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Outsiders, tó jáde ní 1967 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn ọmọ olówó kan lu ọ̀rẹ́ òun nígbà tó ń ti sinimá bọ̀ wálé, ìbínú ìyẹn ló sì gbé kálámù lé òun lọ́wọ́. Òkìkí ìwé náà kàn débi pé ó dẹ́rù ba ẹni tó kọ ọ́. Fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, kò lè kọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, tó padà di ọkọ rẹ̀, ló ní kó máa kọ ojú-ewé méjì lójúmọ́, bí kò bá kọ ọ́, àwọn ò ní jáde lọ gbádùn. Ojú-ewé méjì-méjì yẹn ló di ìwé tí mò ń wí yìí. Ní 1985, wọ́n fi ṣe fíìmù.

Ìtàn náà kò gùn. Bryon ló ń sọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun àti Mark jọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá Bryon. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Mark nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ mutí yó, tí ìjà dé, tí wọ́n sì yìnbọn pa ara wọn. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ náà sá sí, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Bryon mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ti di ọmọ ìyá.

Wọn kì í ṣe ọmọ dáadáa o. Wọ́n ń mutí, wọ́n ń jà ní ìgboro. Eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gún, ni wọ́n fi ń rẹ́ àwọn àgbàlagbà jẹ: wọn á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, bí owó bá wá pọ̀ lórí rẹ̀, wọn á kó gbogbo rẹ̀. Charlie tó ni ilé ọtí tí wọ́n ti ń ṣe é máa ń kìlọ̀ fún wọn. Wọn kò gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì láti Texas tí wọ́n rẹ́ jẹ ká wọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Charlie gbé ìbọn jáde láti gbà wọ́n sílẹ̀. Ó gbà wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà yìnbọn fún un, Charlie sì kú nítorí wọn.

Lẹ́yìn náà ni owó wọ́n ilé. Ìyá Bryon ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, gbèsè sì wà nílẹ̀. Bryon wá iṣẹ́ sí ilé-ìtajà ńlá kan. Mark náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wálé. Bryon gbà pé tẹ́tẹ́ ló ń ta. Kò béèrè.

Ọmọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní M&M, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kò lè pa eṣinṣin. Àbúrò ni fún Cathy, ọmọbìnrin tí Bryon ń fẹ́. Bàbá rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí irun gígùn rẹ̀ àti máàkì rẹ̀ ní ilé-ìwé, ọmọ náà bá fi ilé sílẹ̀. Ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́ tí ayé ìgbà náà ń pè ní hípì ń gbé ni wọ́n ti rí i níkẹyìn. Ó ti jẹ LSD, ó sì ń rí aláǹtakùn tí kò sí níbẹ̀, ó ń ké. LSD yìí, ọ̀gbẹ́ni Albert Hofmann ló kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Basel ní Switzerland ní 1938, ó sì di 1943 kó tó mọ̀ pé nǹkan tí òun ṣe yìí ń da ojú àti ọkàn èèyàn rú. Ìgbà tí Hinton fi ń kọ ìwé rẹ̀, ó ti wọ ìgboro Amẹ́ríkà, òfin sì ti ń lé e kiri. Ní ti M&M, ìbẹ̀rù tó kù nílẹ̀ ni pé orí ọmọ náà lè má padà bọ̀ sípò mọ́ láé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Bryon padà sílé. Ó ń wá sìgá, ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì Mark sókè, ó bá oògùn níbẹ̀. Gbogbo owó tó ń wọlé wá yé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé tẹlifóònù, ó pe ọlọ́pàá. Mark wọlé kí wọ́n tó dé, kò sì lè gbà gbọ́ pé Bryon lè ṣe irú rẹ̀ sí òun. Wọ́n mú un lọ. Bryon jẹ́rìí ní kóòtù. Ọdún márùn-ún ni adájọ́ fún Mark ní ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ ọ̀daràn sí. Nígbà tí Bryon padà fojú kàn án, ìkórìíra ló bá lójú rẹ̀. Ìwà Mark le lọ́hùn-ún débi pé ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà ni wọ́n gbé e lọ níkẹyìn. Bryon fúnra rẹ̀ gbẹ bí igi: ó ń gba máàkì gíga ní ilé-ìwé, kò lè nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ó ti tú Cathy náà ká. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Kò sí ijó, kò sí àríyá.

Mo ti yá àwọn èèyàn ní ìwé yìí, mo sì ti sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tí kì í ka òyìnbó. Kò tíì sí méjì nínú wọn tí ẹnu wọn kò.

Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì dá a padà fún mi pẹ̀lú ojú líle. Ó ní, "Àbúrò, irú ìwé wo lèyí? Ọmọdé ń mutí, ọmọdé ń ta tẹ́tẹ́, ọmọdé ń ta oògùn olóró. Èyí tó wá jàjà ṣe rere níkẹyìn, ìbànújẹ́ ló fi ṣe èrè. Ẹ̀kọ́ wo la fẹ́ kí ọmọ rí kọ́ níbẹ̀?"

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn gbọ́ ìtàn náà látòkè délẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ mọ́ra. Ó ní, "Ọmọ tèmi ni M&M yẹn o! Kí lẹ ń pè ní ọ̀dàlẹ̀? Ẹni tó ń ta májèlé fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ṣé kò mọ̀ pé ọmọ náà ní ìyá ni? Bí Bryon ò bá pe ọlọ́pàá, èmi ni mà á pè wọ́n. Mà á tún gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mà á jókòó tì í títí wọ́n á fi dé."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní póli kò gbà fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọ̀dàlẹ̀ ni bọ̀bọ́ yẹn. Ilé kan, ìyá kan! Kó lù ú, mo gbà. Kó da gbogbo ẹ̀ sí ṣáláńgá, mo gbà. Kó tiẹ̀ lé e jáde nílé, mo ṣì gbà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kẹ̀? Ṣé ẹ mọ nǹkan tójú èèyàn ń rí ní àgọ́ wọn ni? Àwọn àgbà ló sọ ọ́ o, ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ."

Ẹ jẹ́ kí n fi ti tísà ṣáájú, nítorí àgbà ni. Kì í ṣe òun nìkan ló ń bẹ̀rù irú ìwé báyìí. Ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, The Outsiders, ẹ̀gbọ́n ìwé yìí, wà lára ọgọ́rùn-ún ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé ibẹ̀ kà sí èyí tí àwọn èèyàn gbógun tì jù láàárín 1990 sí 1999. Ẹgbẹ́ ilé-ìkàwé yẹn kan náà ló sì wà nídìí ẹ̀bùn Margaret A. Edwards tí wọ́n fún Hinton ní 1988, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á. That Was Then, This Is Now wà lára ìwé mẹ́rin tí wọ́n torí rẹ̀ fún un. Ohun tí ẹnìkan ń sun níná ni ẹlòmíràn ń dé ládé.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi tísà wa: ìtàn Olúrónbí tó fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ìrókò, ṣé ìtàn ẹ̀rín ni? Ọmọdé ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún lábẹ́ òṣùpá. Àwọn àgbà wa kò fi ibi pamọ́ fún ọmọ. Iye tí ibi ń náni ni wọ́n ń fi hàn án. Ìwé tó ń ba ọmọ jẹ́ lójú tèmi ni èyí tí wọ́n ti ń ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kò sunkún níbẹ̀. Nínú ìwé Hinton, Charlie kú, orí M&M dàrú, Mark wọ ẹ̀wọ̀n, Bryon di òkú ààyè. Ọmọ wo ló máa ka ìyẹn tán tó máa ní oògùn títà wu òun?

Ní ti pé olóòótọ́ kò jẹ èrè, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Mà á padà sí i, nítorí ibẹ̀ ni koko ọ̀rọ̀ mi wà.

Ó wá ku ìyá aláṣọ àti ọmọ póli. Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, ti ìyá ni mo máa dúró tì, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró tì í tán.

Mo dúró tì í nítorí pé májẹ̀mú ẹni méjì kò gbọdọ̀ fi ọmọ ẹni kẹta san gbèsè. Ìwé náà kò sọ fún wa pé ọwọ́ Mark ni M&M ti gba tirẹ̀. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni, bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ọjà kan náà ni. Àwọn ọmọ mìíràn máa ra tiwọn lọ́la. Àwọn náà ní ìyá tó ń retí wọn nílé. Bí Bryon bá da oògùn sí ṣáláńgá gẹ́gẹ́ bí ọmọ póli ṣe wí, Mark á lọ gba òmíràn, torí kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe ibi, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí ọ̀rẹ́ wa bá gbé iná dání tó ń lọ sí abà aládùúgbò, a kò lè ní nítorí ọ̀rẹ́, kí á kàn máa wò ó lẹ́yìn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ póli kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní ká wo ọwọ́ tí a fẹ́ fi ọ̀rẹ́ lé. Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba ológun ṣe òfin kan ní 1984, òfin kejìlélógún tí àwọn àgbà kò tíì gbàgbé... rárá, òfin ogún ni, Decree 20, tó sọ ikú di èrè ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró. Ní oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ wọn ti wáyé kí òfin ọ̀hún tó jáde. Ó di 1986 kí wọ́n tó yọ ikú kúrò nínú ìjìyà yẹn. Ẹni tó bá pe ọlọ́pàá sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ikú gan-an ló lè pè sí i. Nítorí náà, mi ò lè fi ẹnu gbígbẹ sọ pé níbi gbogbo, nígbà gbogbo, pe ọlọ́pàá. Òfin tó bá ń pa ọmọ tó yẹ kó tọ́, òun náà ló ń mú kí àwọn èèyàn rere máa fi ọ̀daràn pamọ́. Ṣùgbọ́n ní Tulsa inú ìwé yẹn, ọdún márùn-ún ni, kì í ṣe okùn ọrùn. Ìpè Bryon kò burú.

Kí ló wá burú? Kí ló dé tí ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ fi gbẹ bí igi?

Ẹ padà lọ wo ìtàn náà pẹ̀lú mi. Owó ń wọlé, Bryon kò béèrè. Nígbà tí wọ́n ń wá M&M, Mark ló kọ́kọ́ mú Bryon lọ sí ilé àwọn hípì yẹn; ọ̀nà ibẹ̀ yé e, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Bryon kò béèrè. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ lọ́sàn-án, lóru, lórí oúnjẹ, nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wá jáde, ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ló dùn mí jù nínú gbogbo ìwé náà. Ẹnu tó lè bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, tó lè bá adájọ́ sọ̀rọ̀, ó yẹ kó ti bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Òwe yẹn kò sọ pé ká lọ pe ọba sí i, kò sì sọ pé ká dákẹ́. Ó ní ká sọ fún òun fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, kó tó di ọ̀rọ̀ òru.

Kí ló fà á tí Bryon kò fi sọ̀rọ̀? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Owó náà wúlò. Ìyá wà nínú àìsàn, gbèsè ń kanlẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo, "Mark, níbo lo ti rí eléyìí?", lè dá owó náà dúró. Nítorí náà wọn kò bi í. Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mi ò sọ pé ìyá tó wà lórí ibùsùn ọsibítù jẹ̀bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé tó jẹ nínú owó kan kò lè wá fọ ọwọ́ tán lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá dé, kó ní ọmọ kan ṣoṣo ló ṣe é.

Bí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ tí ọmọ póli lò, èmi ò ní fi sí alẹ́ ọjọ́ tí Bryon gbé tẹlifóònù. Àwọn oṣù tó fi dákẹ́ ni mà á fi sí. Ìdákẹ́ náà ló da ilẹ̀. Ó jọ ìfẹ́, ó jọ ìgbẹ́kẹ̀lé, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ nínú kòtò nítorí pé ọ̀rẹ́ ń ju nǹkan sókè láti inú kòtò náà.

Apá kejì tún wà, ìyẹn lẹ́yìn ìpè. Òwe kan wà tó ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni láàárín ẹni méjì tó ń du ilẹ̀ tàbí owó, nítorí olúkúlùkù ló fẹ́ borí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀rẹ́ lé òfin lọ́wọ́ kí ó má baà pa ọmọ ọlọ́mọ, kí ó má sì pa ara rẹ̀, kò lọ du nǹkan kan. Kò yẹ kí òwe yẹn de irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òmíràn ló yẹ ẹ́: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni Bryon lò lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi ìbínú lò ó. Ó rí ojú M&M, inú rẹ̀ ru, ó fẹ́ kí ẹnìkan jẹ ìyà rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìbínú rọlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí òun fi ṣe é mọ́.

Mo mọ̀ pé ó padà gbìyànjú láti rí Mark, ó sì rí i. Ọmọdé náà ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mi ò ní gbé ẹrù àgbà lé e lórí. Àmọ́ àwa tí à ń kà á ti dàgbà, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tó bá jẹ́rìí pé ọ̀rẹ́ òun ta oògùn, ẹnu yẹn náà ló yẹ kó fi sọ fún adájọ́ pé ọmọ yìí gbọ́ ìró ìbọn tó pa bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé owó tó ń mú wá, àwa náà jẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, kó máa lọ wò ó. Bí ó bá tutọ́ sí i lójú, kó nu ún, kó tún lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ìpè tẹlifóònù kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba ọdún márùn-ún.

Bí ẹ bá ní ta ló lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Hinton ti fi ẹnìkan sínú ìwé fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń fò ó kọjá. Charlie ni. Charlie kì í dákẹ́ fún wọn. Ó ń kìlọ̀ fún wọn lójú ara wọn. Nígbà tí wọn kò gbọ́, tí ewu dé, kò ní ṣebí mo ti sọ fún un yín. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ méjèèjì ló lò. Ẹ̀mí rẹ̀ bá a lọ, mo mọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wa ló máa pè lọ sí ibi ìbọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà látòkè délẹ̀, òun nìkan ni mo rí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ṣáájú ewu, tó sì tún jẹ́ ọ̀rẹ́ nínú ewu.

Èyí ni mo fi ń dá tísà wa lóhùn. Kì í ṣe rere tí Bryon ṣe ló fi ìbànújẹ́ san án lẹ́san. Rere tó kù tí kò ṣe ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, èyí tó yẹ kó ṣáájú ìpè àti èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọmọ nìyẹn, ó sì tóbi.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ Tulsa nìkan ni. Ẹ wo àdúgbò wa lóde òní. Ọmọ tí kò níṣẹ́ lánàá ra mọ́tò lónìí, a ní Ọlọ́run ló ṣe é. Gbogbo ayé mọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà ló jókòó sí tó ń lu àwọn èèyàn òkè òkun ní jìbìtì. Ìyá gba ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀gbọ́n gba owó ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ gba fóònù, kò sí ẹni tó béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fi páńkẹ́rẹ́ òfin nà án, àwa kan náà la máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí a máa ní ọmọ ayé òde òní ò gbọ́n. Tàbí kí ọ̀kan nínú wa tí inú ń bí lọ tú àṣírí rẹ̀, kó sì ní òun ti ṣe tòun tán. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò tíì ṣe iṣẹ́ ọ̀rẹ́.

Ó yá, ẹ wá dáhùn ìbéèrè mi báyìí. Tèmi rèé: bí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ bá wà nínú ewu lálẹ́ òní, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì múra láti bá ọ̀rẹ́ yín dé ibikíbi tí wọ́n bá mú un lọ. Ṣùgbọ́n kó má baà di ìyẹn rárá, bí ọ̀rẹ́ yín bá ń mú owó tí kò yé yín wálé, ẹ bi í lónìí. Bí ẹ̀yin ò bá bi í, ọlọ́pàá ló máa bi í lọ́la.